Apá Bùsáyọ̀ Ni Nǹkan Náà Wà, Kì Í Ṣe Ilé Ìyá Rẹ̀

Òkè-Àgbò,
Ìjẹ̀bú-Igbó.

Wálé ọmọ mi,

Mi ò ní béèrè bóyá àlàáfíà lo wà. Mo mọ̀ pé àlàáfíà lo wà. Ẹni tí ara rẹ̀ ò yá ló wà lọ́dọ̀ mi níbí, ó ń gbálẹ̀ iwájú ìsọ̀ pákó mi láàárọ̀ yìí, mo ní kó lọ jókòó, kò gbọ́. Bùsáyọ̀ ìyàwó ẹ ni mò ń sọ. Ṣé o ṣì rántí rẹ̀?

Lẹ́tà ni mo kọ torí pé fóònù ò ṣe é bá ẹ sọ̀rọ̀ mọ́. Bí mo bá ti dárúkọ Bùsáyọ̀ báyìí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ibiade á bàjẹ́ lójijì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo pè láti sọ pé pákó àfàrà tí o ní kí n bá ẹ wá ti dé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa, ó dáa débi pé mò ń gbọ́ bí o ṣe ń jẹ ẹ̀pà. Awakọ̀ tó ń gbé pákó náà bọ̀ ni mo fi ìwé yìí rán. Mo ti sọ fún un pé kó má já ẹrù kankan sílẹ̀ títí o fi máa kà á tán. Nítorí náà, jókòó, kí o kà á.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo mọ̀, kí o má baà tún rí àyè parọ́ fún mi.

Nígbà tí o rí iṣẹ́ ìkànlé yẹn gbà ní Ibiade, tí o kó ìyàwó àti ọmọ méjèèjì lọ, inú mi dùn. Mo ní ọmọ mi ti di ọ̀gá káfíńtà. Nígbà tó yá, o ní kí n gba Bùsáyọ̀ àtàwọn ọmọ sọ́dọ̀. O ní, "Màmá, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ò dá lára ẹ̀. Wòlíì ní ogun ilé ìyá ẹ̀ ni." Mo pariwo Jésù! Mo tan àbẹ́là, mo gbààwẹ̀. Pẹ̀lú ọjọ́ orí mi àti ọgbẹ́ inú tí o mọ̀ pé ó ń yọ mí lẹ́nu, mo febi panú mi lórí irọ́ tìẹ.

Ọjọ́ tí mo mọ òótọ́, Ago-Ìwòyè lèmi àti Bùsáyọ̀ ti ń bọ̀, a lọ kí ẹ̀gbọ́n mi. Bó ṣe fẹ́ sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá báyìí, òòyì kọ́ ọ. Mo yára di apá rẹ̀ mú lókè. Ọwọ́ mi bá kan nǹkan lábẹ́ awọ, ó le, ó tín-ín-rín bí igi ìṣáná. Mo ní, "Kí nìyí?" Ó fa apá rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi. Ìgbà tí a délé, tí mo tún bi í, ló bú sẹ́kún. Ó ní, "Màmá, ìfètò-sọ́mọ-bíbí ni. Dádì Tólú ló ní kí n má sọ fẹ́nikẹ́ni. Wọ́n ní tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá gbọ́, ojú máa ti àwọn."

Ìwọ Dádì Tólú, ó yá, jẹ́ kí n bi ẹ́. Ta ló ní iṣẹ́ Ibiade ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má tíì bí òmíràn? Ìwọ ni. Ta ló fi ọ̀kadà gbé e lọ sí ilé ìwòsàn? Ìwọ náà ni. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wá ń ṣàlàyé ohun tí ara rẹ̀ lè máa ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá fi nǹkan náà sí i lápá, níbo lo wà? Bùsáyọ̀ ní o wà lábẹ́ igi níta, ò ń tẹ fóònù. O ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni.

Ẹ̀jẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Lónìí díẹ̀, lọ́la kò sí, tó bá di ọ̀túnla ó tún dé. O sì mọ bí ti ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe rí. Obìnrin tó bá ń rí nǹkan oṣù kì í wọ tẹ́ḿpìlì. Á jókòó síta, lẹ́bàá ọgbà, títí ara rẹ̀ á fi mọ́. Mi ò bá òfin yẹn jà, inú rẹ̀ ni mo dàgbà sí. Ṣùgbọ́n kì í ju ọjọ́ mélòó kan lọ fún wa, a ó sì tún wẹ̀, a ó wọ sùtánà wa, a ó wọlé. Ti Bùsáyọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìsinmi dé, ó wà níta. Ìsinmi mìíràn dé, ó ṣì wà níta, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọjá, wọ́n ń wò ó láti òkè délẹ̀. Ìwọ ńkọ́? Ìwọ wà nínú, lórí ìjókòó àwọn alàgbà, torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ́ joyè.

Wòlíì wá pè ẹ́, ó bi ẹ́ pé kí ló ń ṣe ìyàwó ẹ. Ẹnu ẹ ni ọ̀rọ̀ wà lọ́jọ́ yẹn, Wálé. Gbólóhùn kan péré ni. O ní o ò mọ̀!

Wọ́n bá ní kó wá sùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n fi àdúrà dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró. Ẹ gbà mí o! Ẹ̀jẹ̀ tí kò jẹ́ kó lè wọ ṣọ́ọ̀ṣì, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ní kó wá sùn kó lè dá. Ìgbà tí ìyẹn ò ṣeé ṣe, wọ́n ní kí wọ́n gbé aṣọ rẹ̀ wọlé dípò rẹ̀. Ìwọ, ọmọ tí mo bí, lo ká búláòsì ìyàwó ẹ lọ síwájú pẹpẹ. Wọ́n wọ́n omi àdúrà sí i, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ nà án níbi ikùn. Búláòsì tí kò ṣe nǹkan oṣù rí láyé ẹ̀! Tí ẹ bá tiẹ̀ máa na búláòsì, ṣé kì í ṣe ọwọ́ aṣọ náà lẹ bá nà?

Ibẹ̀ ni wọ́n ti ríran pé ogun ilé ìyá rẹ̀ ni. Mi ò bá wòlíì jà. Ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ ló gbàdúrà lé lórí, ẹni tó mọ òótọ́ dákẹ́. Ìwọ mọ ohun tó wà ní apá Bùsáyọ̀ nígbà tí wọ́n ń dárúkọ ìyá rẹ̀, o sì ṣe àmín. Àmín yẹn ló ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀.

O dé ilé, o kó ẹja àrọ̀ yíyan tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Makun-Omi dà sómi. Àrọ̀ tó sanra bẹ́ẹ̀! O ní kí àwọn ọmọ má jẹ nǹkan tó bá ti ọwọ́ màmá-màmá wọn wá mọ́. Àní sẹ́, ọ̀rọ̀ yìí sú mi. Ó sú mi gan-an ni.

Ó dáa. Mo ti bínú tán, àbí mo ti bínú dé ìdajì. Ìmọ̀ràn ló kù. Fetí sílẹ̀, Àkànní.

Èkíní. Mọ ohun tó wà lára ìyàwó ẹ. Mo mú Bùsáyọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn níbí, èmi sì wọlé pẹ̀lú rẹ̀, mi ò dúró sábẹ́ igi. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún wa. Ó ní ọ̀pá kékeré yẹn máa ń tú oògùn sínú ara díẹ̀díẹ̀ ni, òun ni kì í jẹ́ kí oyún dúró. Oògùn náà ló ń da nǹkan oṣù rú. Ti ẹlòmíràn á dáwọ́ dúró pátápátá. Ti ẹlòmíràn á máa yọ ségesège, pàápàá ní àwọn oṣù ìbẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń ṣe Bùsáyọ̀. Ó lè mú orí fífọ́ wá, kí ọmú máa ro ó, kí rorẹ́ yọ lójú, kí ó sanra díẹ̀, kí inú rẹ̀ má dùn láìnídìí. Ó ní kì í ṣe gbogbo obìnrin ló ń rí i, àwọn mìíràn wà tí wọn ò mọ̀ ọ́n lára rárá. Ó ní ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń rọlẹ̀ tó bá yá, àti pé oògùn wà tí wọ́n lè lò sí ẹ̀jẹ̀ náà. Tí obìnrin náà bá sì ní òun ò fẹ́ mọ́, wọ́n lè yọ ọ́ nígbàkúgbà, ó ṣì máa bímọ. Kì í ba ilé ọmọ jẹ́.

Ṣé o ti rí i báyìí? Orí fífọ́ tí o pè ní ọ̀lẹ, òun nìyẹn. Sísanra tí o fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ, òun náà nìyẹn. Ìgbà tó ń kanra, tí o ní wọ́n ti yí i lórí padà, Wálé, tí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ lára tìẹ lójoojúmọ́, tí ọkọ ẹ sì ń ju ẹja ìyá ẹ sómi, ṣé wàá máa rẹ́rìn-ín?

Nọ́ọ̀sì tún sọ̀rọ̀ kan tó yẹ kí o gbọ́. Ó ní tí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀, tí òòyì sì ń kọ́ ènìyàn, kì í ṣe nǹkan tí à ń fi sílẹ̀ pé bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó yẹ kí wọ́n tètè gbé e wá, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n sì wádìí bóyá nǹkan mìíràn ló fà á. Wọ́n yẹ ti Bùsáyọ̀ wò. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Wọ́n ti fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀, ó ń lò ó, mo ń se ẹ̀fọ́ fún un, ojú rẹ̀ ti ń padà sípò díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ ń na búláòsì, ara ọmọ ọlọ́mọ ń funfun lọ.

Èkejì, má sì jẹ́ kí n tún un sọ. Bùsáyọ̀ sọ pé ọ̀rẹ́ ẹ kan tó ń ta oògùn lẹ́bàá odò ti sọ fún ẹ pé òun lè fi abẹ bẹ́ nǹkan náà yọ ní kọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Tí mo bá gbọ́ pé abẹ kan apá ọmọ yìí, mo máa wá sí Ibiade fúnra mi, gbogbo Ibiade ló sì máa mọ̀ pé mo dé. Ẹni tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi í sí i ló mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́. Ó lè kẹ̀, ó lè já sínú, wọ́n sì lè gé ohun tí kò yẹ kí wọ́n gé. Àgbo tí o ní kó mu kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, mo ti dà á nù. Òun ló yẹ kí o dà sómi, kì í ṣe ẹja.

Èyí tó tẹ̀ lé e. Mo fẹ́ sọ ti bàbá ẹ fún ẹ, torí o máa ń sọ pé òun lo jọ.

Lẹ́yìn tí mo bí Kẹ́mi àbúrò ẹ, abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí ni mo gbà. Mi ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tó gún mi, ọmọdé ń ṣe mí, mo ń kánjú. Nǹkan oṣù mi ò wá mọ́. Mo bá pariwo pé mo ti lóyún. Mo sọ fún gbogbo ojúlé, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìlédìí jáde. Oyún ò sí níbì kan, abẹ́rẹ́ ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn ènìyàn ń bi mí pé oyún dà, mo ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde nílé ara mi.

Bàbá ẹ ò bá mi jà. Kò pe ìyá mi ní nǹkan kan. Ó ti ìsọ̀ pákó pa láàárọ̀ ọjọ́ ajé, ó bá mi lọ sí ilé ìwòsàn, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì láàárín àwọn obìnrin. Wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín, kò wojú wọn. Ohun tí ojú ń ti èmi láti béèrè, òun ló bi nọ́ọ̀sì. Ìgbà tí a délé, òun náà ló lọ ojúlé dé ojúlé, tó ń sọ fún wọn pé, "Kò lóyún o, abẹ́rẹ́ tí àwa méjèèjì fẹnu kò sí ni." Àwa méjèèjì! Kò ní kí n lọ sọ ọ́ fúnra mi. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan mọ́. Kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Tí o bá ń bá obìnrin ṣe irú nǹkan báyìí, bá a wọlé, kí o sì bá a sọ ọ́ níta. Bàbá ẹ lo jọ? Imú rẹ̀ nìkan lo gbé.

Ẹ̀kẹrin ni, àbí ẹ̀karùn-ún? Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa jọ jókòó sọ ọ́ níwájú nọ́ọ̀sì bóyá kí ó ṣì wà níbẹ̀ kí wọ́n fún un ní oògùn, tàbí kí wọ́n yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ara Bùsáyọ̀ ni, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló máa kẹ́yìn. Tó bá ní kí wọ́n yọ ọ́, má fajúro. Kí o sì mọ̀ pé bí wọ́n bá ti yọ ọ́ báyìí, oyún lè dé, ẹ ní láti ti mọ ohun mìíràn tí ẹ fẹ́ lò. Rọ́bà ìdáàbòbò wà, ọkùnrin ló ń lo ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ ọ́. Ìyá ẹ ni mí, èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ lọ́mọdé, mi ò ní tijú ẹ.

Ó ku ti Makun-Omi. Ìyá Bùsáyọ̀ ò mọ ohun tí ẹ ń pè é. Ó gbọ́ pé ọmọ òun wà lọ́dọ̀ mi, ó rò pé ìsinmi ló wá lò. Ó bá fi ẹja mìíràn ránṣẹ́ sí gbogbo wa, ó ní kí n má jẹ ẹ́ tán, kí n fi díẹ̀ pamọ́ dè ọ́, torí Wálé fẹ́ràn orí ẹja. Mo jókòó síwájú ẹja yẹn, mo sunkún. Lẹ́yìn náà a sè é, a jẹ ẹ́, èmi, Bùsáyọ̀, Tólú, títí kan èyí tó kéré. Gbogbo wa jí láàárọ̀. Orí ẹja ẹ ṣì wà níbí.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Ní ìsìn Ọjọ́rú, dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì yín ní Ibiade, kí o fi ẹnu ara ẹ sọ pé ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí ìwọ àti ìyàwó ẹ jọ ṣe ló ń da ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rú, pé o mọ̀, pé o dákẹ́, pé ìyá rẹ̀ ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Tí wọ́n bá gba oyè lọ́wọ́ ẹ, kí wọ́n gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn, lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ní Makun-Omi. Má rán ènìyàn. Kí ó tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí o ti dé ọ̀dọ̀ mi, torí ọjọ́ Ajé ni nọ́ọ̀sì ní ká padà wá.

O lè máa rò pé tó bá yá, ìbínú Bùsáyọ̀ á rọlẹ̀, á padà fúnra rẹ̀. Èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀. Àná ló bá mi ṣa ẹ̀fọ́, kò pariwo, kò sunkún, ó kàn ní, "Màmá, tí wọn ò bá fi ẹnu ara wọn sọ ọ́, mi ò padà sí Ibiade mọ́. Makun-Omi ni mò ń lọ." Ó sì ń bá ẹ̀fọ́ rẹ̀ lọ. Ìgbà tó ń sunkún, ẹ̀rù ò bà mí. Àná ni ẹ̀rù bà mí. Wálé, ìyàwó ẹ ti fẹ́ẹ́ lọ.

Mi ò ní tì í lẹ́yìn kó lọ, mi ò sì ní dá a dúró. Ohun tí agbára mi ká ni mo ṣe ní Ìsinmi tó kọjá. Ẹ̀jẹ̀ ò tíì dá, ó jókòó síta ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí, lẹ́bàá ọgbà. Mo ti wọ sùtánà mi, mo ti jókòó nínú, orin ti bẹ̀rẹ̀, ọkàn mi ò lélẹ̀. Mo bá dìde, mo gbé àga mi, mo jáde, mo lọ gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Ìjọ tẹ̀ lé mi síta, ojú rẹ̀ là gbàgà. Ó ní, "Ìyá Wálé, kí ló dé? Àbí nǹkan oṣù tún bẹ̀rẹ̀ fún yín ni?" Mo ní rárá o, ìyàwó mi ló wà níta, mo wá bá a jókòó.  Bùsáyọ̀ gbé ọmọ lé mi lẹ́sẹ̀, ó sì fi orí ti èjìká mi títí ìsìn fi parí.

Mo ti bá wọn tọrọ àga kan sí i fún Ìsinmi tó ń bọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ń fi nǹkan náà sí i lápá, o dúró síta, o fi í sílẹ̀ nínú. Gbogbo ìgbà tó fi wà níta, o jókòó sínú. Mo máa gbé àga tìẹ sí apá ọ̀tún rẹ̀. Tí ìsìn bá parí tí kò sẹ́nì kankan lórí rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo máa bá a di ẹrù lọ sí Makun-Omi.

Èmi ni ìyá ẹ, tí mo ṣì ń wọ̀nà.